Òbí Kò Mọ̀, Ìjọba Mọ̀: Ìgbéyàwó Ìkọ̀kọ̀ àti Físà Tọkọtaya

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ní Ìlàrè níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, irú ìgbéyàwó kan wà tí a kì í se ìrẹsì fún, tí a kì í dá aṣọ ẹbí fún, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń gbé ní òkè òkun. Ó wá sílé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ó sì padà lọ láti bẹ̀rẹ̀ ètò físà fún ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì náà padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń dáná, ó ń bá wọn lọ sí ìsìn, àwọn òbí náà sì ń gbàdúrà lójoojúmọ́ pé kí Ọlọ́run fún un ní ọkọ.

Ẹ̀sìn ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì máa ń gbé inú ilé kan náà. Wọ́n máa ń jọ jẹ ẹran Iléyá, wọ́n sì máa ń jọ jẹ ìrẹsì ọdún Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ẹni tí ọmọ yóò fẹ́, ohùn a máa yàtọ̀. Bàbá tí ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ lè ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn òun. Ìyá tí ó ti lọ sí Mẹ́kà lè ní òun kò ní gba ẹrù ìdána lọ́wọ́ ẹbí tí kì í kírun. Ọmọ tí ó ti mọ èyí tẹ́lẹ̀ yóò wá rò ó pé kí òun kúkú dé òkè òkun ná. Bí òun bá ti débẹ̀, ìbínú wọn kò ní lè dá òun padà.

Mo mọ ìrònú yìí dáadáa, nítorí wọ́n ti gbé e wá sí iwájú mi rí, n kò sì fi ẹni tí ó ń rò ó ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ó ń gba ọ̀nà yìí kì í sábà mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi dójú ẹ̀: kò sí ibi tí ó ṣòro láti fi ìgbéyàwó pamọ́ sí tó inú ètò físà tọkọtaya. Ẹ̀rí ni ètò náà fi ń rìn, ẹlẹ́rìí ni ó ń béèrè, ẹbí sì wà lára àwọn ẹlẹ́rìí tí ó kọ́kọ́ ń wá.

Lẹ́tà tí wọ́n ní kí n kọ

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni ó jẹ́ kí n mọ èyí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, ó sì máa ń wá sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlàrè ní òpin ọ̀sẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ kan tí kò fàyè gba kí ọmọ ìjọ fẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn. Ọmọkùnrin tí òun fẹ́ jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ Ìwó, tí ó ti ń gbé ní Houston láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibi ìnáwó kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti pàdé. Àwọn òbí ọkùnrin náà mọ̀ nípa rẹ̀, wọn kò sì tako ó, nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fàyè gba kí ọkùnrin Mùsùlùmí fẹ́ obìnrin Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí tiwa ni ìṣòro wà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọkùnrin náà wá sílé, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní Òṣogbo. Ẹni méjì péré ni ó bá wọn lọ, ọ̀rẹ́ ọkọ kan àti ọ̀rẹ́ ìyàwó kan. Wọ́n ya àwòrán mẹ́rin. Ọkọ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyàwó bọ́ òrùka kúrò lọ́wọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀ Ifẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ó wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí." Lọ́yà tí ó ń bá wọn ṣe ètò náà ti ní kí wọ́n wá lẹ́tà lọ́dọ̀ ẹbí ìyàwó, tí yóò sọ bí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ìgbéyàwó náà. Nínú gbogbo ẹbí, èmi nìkan ni ó rò pé òun lè sọ ọ́ fún. Ó fẹ́ kí n kọ ọ́ pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti pé ìdílé méjèèjì ti mọ ara wọn.

Mo sọ fún un pé n kò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí n kò sí níbẹ̀, ìdílé méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Ohun tí mo mọ̀ nìkan ni mo lè kọ. Bí mo bá sì kọ ohun tí mo mọ̀, lẹ́tà mi yóò sọ pé òbí ìyàwó kò gbọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ìyẹn kò ní ba ìwé náà jẹ́?" Ìbéèrè yẹn ni ó mú mi jókòó ti òfin ìgbéyàwó àti àwọn ìwé tí ètò físà ń béèrè.

Òfin ní kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìgbéyàwó kóòtù ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti ṣe ìgbéyàwó ní bòńkẹ́lẹ́. Òfin Ìgbéyàwó ti Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 1914, kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìkéde. Akọ̀wé ìgbéyàwó yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí ẹnikẹ́ni lè wá yẹ̀ wò ní àkókò iṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Yóò tún lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn ìta ọ́fíìsì náà. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó fún wọn ní ìwé tí wọn yóò fi ṣe ìgbéyàwó. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá láìṣe é, ìkéde náà kò wúlò mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí òfin fi lè kọ ìgbéyàwó náà lè wá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn nínú ìwé ńlá náà, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé a kà á léèwọ̀, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ni yóò sì dá ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, láàárín aago 10 òwúrọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ó kéré tán ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Òfin yìí kò ní kí òbí fọwọ́ sí i bí àwọn méjèèjì bá ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún náà ni ó gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ òbí wá. Ìyàtọ̀ ẹ̀sìn kì í sì í ṣe ìdí tí òfin fi lè kọ ìgbéyàwó. Nítorí náà, ìgbéyàwó àbúrò mi dúró ṣinṣin lójú òfin. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé òfin fún àgbàlagbà ní òmìnira láti yan ẹni tí yóò fẹ́, ṣùgbọ́n kò fún un ní yàrá ìkọ̀kọ̀ tí yóò ti ṣe é. Wọ́n lẹ ìkéde àbúrò mi síta fún gbogbo ayé. Òṣogbo ni wọ́n kàn lẹ ẹ́ sí, lára ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni láti Ìlàrè kì í gbà kọjá.

Kì í ṣe òfin Nàìjíríà nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1563, ìpàdé ńlá tí Ìjọ Àgùdà ṣe ní Trent pàṣẹ pé ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wáyé níwájú àlùfáà àti ẹlẹ́rìí, nítorí wàhálà tí ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ ń dá sílẹ̀. Ní ọdún 1753, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ láti fòpin sí i. Títí di òní, ìjọ Áńgílíkà ń ka orúkọ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Ìlànà Máálíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ní kí walí obìnrin wà nínú nikáà, kò sì fọwọ́ sí nikáà tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́rìí fi pamọ́. Àwọn baba ńlá wa náà ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n ní ìtọrọ, wọ́n ní ìdána, gbogbo rẹ̀ lójú ẹbí méjèèjì. Ẹlẹ́sìn, aṣòfin àti àṣà, gbogbo wọn ló fẹnu kò sórí ohun kan: ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré.

Ohun tí òṣìṣẹ́ físà ń wá

Àwọn ìjọba òkè òkun náà mọ èyí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù I-130 ni ọmọ orílẹ̀-èdè fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò láti mú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó rẹ̀ di dọ́là 625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 675 fún ẹni tí ó bá fi ìwé ṣe é. Fọ́ọ̀mù kejì, I-130A, ni ẹni tí wọ́n fẹ́ mú wọlé ń kún, ó sì ń béèrè orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń gbé. Àbúrò mi ti kọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti Ilé-Ifẹ̀ sínú ìwé ìgbéyàwó tí bàbá fúnra wọn kò mọ̀ pé ó wáyé.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni ẹ̀rí. Wọ́n ń wá ìwé ilé tí orúkọ méjèèjì wà nínú rẹ̀, owó tí wọ́n jọ ń ná, ìwé ìbí ọmọ bí wọ́n bá ti bímọ, àti ìwé ìbúra láti ọwọ́ àwọn tí ó mọ tọkọtaya náà. Ìtọ́sọ́nà fọ́ọ̀mù náà ní kí ẹni tí ó búra kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti bí i, kí ó sì ṣàlàyé ní kíkún bí òun ṣe mọ̀ nípa ìgbéyàwó náà. Ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ọ̀kan wọn ń gbé ní Nàìjíríà kò tíì ní ilé àjọgbé tàbí àpapọ̀ owó ní báńkì. Ẹ̀rí tí ó kù fún wọn ni àwòrán, ìpè orí fóònù, ìrìnàjò, àti ẹnu ẹbí.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán ní ọjọ́ tí físà bá jáde. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan ní ọdún 1986 láti dènà ìgbéyàwó èké, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ó wọlé yóò gba ìwé ìgbélùú ọdún méjì péré. Kí ó tó parí, wọn yóò tún kó ẹ̀rí jọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ṣe ìgbéyàwó èké nítorí ìwé lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí ó lè tó dọ́là 250,000.

Ní Ìlú Ọba, owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí owó tí ẹni tí ó ń pe ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí lọ́dún gòkè láti pọ́n-ùn 18,600 sí 29,000 ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ìtọ́sọ́nà tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tún ka ìgbéyàwó tí kò sí àlejò àti ẹbí pàtàkì níbẹ̀ mọ́ ohun tí ó lè mú kí wọ́n fura.

Mo rántí ẹjọ́ kan tí ó jẹ́ òdìkejì tiwa. Ní ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwọ̀lú ní Ìlú Ọba gbọ́ ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Kareem. Ọmọ Nàìjíríà kan ni ó ní òun ti di ọkọ ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, nípa ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn dúró ṣe fún wọn ní Nàìjíríà nígbà tí wọn kò sí níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé òfin Netherlands gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ mìíràn, Awuku, pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nínú irú ìgbéyàwó yẹn, ìdílé wà níbẹ̀, tọkọtaya ni kò sí. Nínú ti àbúrò mi, tọkọtaya wà níbẹ̀, ìdílé ni kò sí. Ìjọba bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: ta ni ó rí i?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere, nítorí ó ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó èké. Ẹni tí ó ń sá fún ìbínú bàbá rẹ̀ àti ẹni tí ó sanwó fún ìyàwó nítorí ìwé kì í ṣe ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì òṣìṣẹ́ físà, fáìlì àwọn méjèèjì jọra: àwòrán mẹ́rin, ẹlẹ́rìí méjì, kò sí ẹbí kankan. Ohun tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àlàyé tòótọ́ tí ẹlẹ́rìí tòótọ́ gbè lẹ́yìn. Bí a bá wá fi lẹ́tà irọ́ kún un, a ti fọwọ́ ara wa mú ìgbéyàwó tòótọ́ jọ èké.

Ewu tí ó ń bọ̀ láti inú ilé

Ewu mẹ́ta ni ó tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà rò.

Èkíní ni pé òbí tí kò mọ̀ kò ní jókòó lásán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdílé kan nínú ìjọ wá kí bàbá àbúrò mi. Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ aya fún ọmọ wọn. Inú bàbá dùn, wọ́n sì dá ọjọ́ fún wọn láti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tí ó tún lọ ṣe ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, ti rú òfin Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni òfin náà sì kọ sílẹ̀ fún un. Kódà bí kò bá dé ibẹ̀, ìdílé tí ó mú obì wá bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó oníyàwó ti gba ẹ̀sín tí kò yẹ wọ́n.

Èkejì kan àwọn tí òbí wọn fúnra wọn ń gbé ní Amẹ́ríkà. Òbí tí ó ní green card lè bẹ̀rẹ̀ ìwé fún ọmọ rẹ̀ tí ó ti lé ní ọdún 21, bí ọmọ náà kò bá tíì ṣe ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá ṣe ìgbéyàwó, ìwé yẹn kú lójú òfin. Bí òbí bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, ìwé náà kò kú, ṣùgbọ́n yóò bọ́ sí ìlà mìíràn tí ó sábà máa ń gùn jù. Ọmọ tí ó fi ìgbéyàwó pamọ́ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí òbí rẹ̀ máa fọwọ́ sí irọ́ láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta ni fọ́ọ̀mù mìíràn tí ènìyàn ń kún lójú òbí: físà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí físà ìbẹ̀wò. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé òun kò tíì ṣe ìgbéyàwó nítorí pé bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti parọ́ fún ìjọba. Irọ́ tí a pa láti gba físà lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ènìyàn títí láé. Ní Ìlú Ọba, ìfòfindè ọdún 10 lè tẹ̀lé e.

Bí a ṣe sọ ọ́

Ọ̀rọ̀ ìdílé tí ó ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni kò jẹ́ kí àbúrò mi lè dákẹ́ mọ́. Àṣà wa sì ní ọ̀nà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í dá gbé e lọ bá bàbá rẹ̀. A kọ́kọ́ lọ bá bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n wá bi í pé, "Ṣé o fẹ́ràn ọmọ náà?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, a ó jọ lọ."

Ariwo tí a ti múra sílẹ̀ fún kò ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ béèrè ọjọ́ tí ìgbéyàwó náà wáyé, wọ́n sì ka oṣù lórí ìka wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dáhùn: "Ta ni ó dúró ní ipò mi?" Ìyá rẹ̀ dìde, wọ́n wọ yàrá, a sì ń gbọ́ ẹkún wọn láti pálọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni bàbá kò fi dáhùn ìkíni rẹ̀. Ní àkókò yẹn, wọ́n ránṣẹ́ sí ìdílé kejì pé kí wọ́n má bínú. Wọ́n tún lọ sọ ọ́ fún olùṣọ́ àgùntàn ìjọ fúnra wọn, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá, ẹni méje wá láti Ìwó sí pálọ̀ bàbá mi ní Ìlàrè, wọ́n gbé obì, orógbó, oyin àti iṣu lọ́wọ́, wọ́n sì tọrọ ìdáríjì. Bàbá rẹ̀ wá, wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n wọn kò gbàdúrà. Bàbá mi ni ó gbà á. Wọ́n gba obì. Wọn kò gba owó orí. Wọ́n ní ìyẹn di ọjọ́ tí ọkọ fúnra rẹ̀ bá wá dọ̀bálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ lẹ́tà mi. Mo kọ ọ́ pé n kò sí ní Òṣogbo lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo kọ oṣù tí mo kọ́kọ́ gbọ́, ìdí tí wọn kò fi sọ fún ẹbí, ohun tí bàbá ìyàwó béèrè, àti orúkọ àwọn tí ó wá láti Ìwó. Bàbá mi kọ tiwọn. Lọ́yà náà ní lẹ́tà méjèèjì lágbára ju èyí tí òun kọ́kọ́ béèrè lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò jókòó hun irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti fi tọrọ físà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìwé náà ṣì wà lórí ìlà. Bàbá rẹ̀ kò tíì kọ lẹ́tà tiwọn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì tíì bẹ̀ wọ́n.

Fún ẹni tí ó wà nínú rẹ̀

Bí o bá wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, wá àgbà kan nínú ẹbí kí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó jáde lọ́wọ́ rẹ. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ bàbá tàbí ìyá. Ẹ̀gbọ́n bàbá, àbúrò ìyá, tàbí ìyá àgbà lè ṣe é. Àgbà náà ni yóò mọ ẹnu tí a ó fi gbé e kalẹ̀, òun ni yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ lọ́la. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà ohun tí kò rí. Má ṣe jẹ́ kí ìdílé mìíràn gbé obì wá nítorí rẹ. Bí òbí rẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé fún ọ ní òkè òkun, sọ fún wọn lónìí.

Ilé kan wà tí sísọ yóò mú ìyà tàbí àtìmọ́lé bá ọmọ. Ẹni tí ó bá wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an nínú ìwé ìbúra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí bí ó bá ní. Dídákẹ́ nítorí ààbò kì í ṣe irọ́, òṣìṣẹ́ físà sì lè lóye rẹ̀ bí a bá sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn òbí wa, bí ọmọ kan bá ka èyí fún wọn. Ọmọ kì í fi ayọ̀ pamọ́ fún ẹni tí ó lè bá a yọ̀. Bí ilé bá le tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè dárúkọ ẹlẹ́sìn mìíràn níbẹ̀, ọmọ ṣì lè fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò ní gbọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ètò físà kì í dúró dé ogún ọdún. Ọjọ́ kan yóò wà lórí ìwé ìpè, ìyàwó yóò dúró níwájú fèrèsé kan ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó, àjèjì kan yóò sì bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ́kọ. Ó dára kí àwọn òbí náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.